Ẹ̀rọ etí lábẹ́ àṣíborí: kí ni kí n rà fún máṣíìnì mi?

DísípáàṣìYábàá

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ewu ọ̀nà. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó lọ kó owó mi dànù.

Bajaj Boxer ni mo ń gùn, ẹrù ni mo fi ń gbé káàkiri Yábàá, Sùúrùlérè, títí dé Ìkẹjà. Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, bí mo ṣe ń gba ìpè kò ju báyìí lọ: màá ki fóònù bọ àárín àṣíborí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, àṣíborí á dì í mú, èmi á máa sọ̀rọ̀ lọ. Ẹ̀yin ará Èkó mọ̀ ọ́n, àìmọye ọlọ́kadà ló ń ṣe é. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo já sí kòtò kan lọ́nà Ojúẹlẹ́gba, fóònù yọ̀ bọ́ láti inú àṣíborí, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó wà lẹ́yìn mi sì gùn ún kọjá. Mo dúró, mo padà lọ wò ó. Ojú rẹ̀ ti fọ́ yángá-yángá, àmọ́ oníbàárà ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀: "Hẹ́lóò? Hẹ́lóò? O ti dé ibo?"

Ohun tí mo ń wá: kí n máa gbọ́ ìpè láìfọwọ́ kan fóònù, kí n gbọ́ Google Maps, kí òjò má sì bà á jẹ́. Bákan náà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì máa ń gùn lọ sí Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn lọ́jọ́ Àìkú kan lóṣù, a fẹ́ máa bára wa sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. ₦80,000 ló wà nílẹ̀. Ṣé kí n ra ìyàpíìsì tí kò ní wáyà ni, àbí intercom, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó ní sípíkà àti máìkì tí wọ́n ń so mọ́ àṣíborí?

Gùn_ún_jẹ́jẹ́

Ìyàpíìsì lásán ti tó, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ẹ́. Èyí tí mo ń lò, lábẹ́ bíríìjì Ọ̀ṣòdì ni mo ti rà á, ó ti lé lọ́dún kan. Etí kan ni mo máa ń kì í bọ̀, èkejì á ṣófo kí n lè gbọ́ fèrè dánfó. Àwọn olówó tó ń gun máṣíìnì ńlá ni wọ́n ṣe intercom fún. Fi ìyókù owó rẹ ra táyà.

Bàbá Àdùkẹ́

DísípáàṣìYábàá, pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run ṣeun tó jẹ́ fóònù ni Márúwá gùn.

Gùn_ún_jẹ́jẹ́, n kò bá ọ jà, ìbéèrè méjì péré ni. Bí o bá ń bọ́ àṣíborí, ṣé ìyàpíìsì kì í bá a jáde? Tèmi ti bọ́ sí gọ́tà rí ní Mọ́kọ́lá, mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí owó rẹ̀ bọ́ sínú kànga. Ìkejì, bí o bá ń sáré, ṣé ẹni tó pè ọ́ máa ń gbọ́ ohun tí o sọ? Máìkì ìyàpíìsì wà létí, kò sí lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ ló ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìwọ. Máìkì ti intercom wà níwájú ètè gan-an.

Ọmọ mi, kí o tó wo irú ẹ̀rọ tí wàá rà, wo àṣíborí orí rẹ ná. Ki ìka bọ inú rẹ̀ níbi tí etí máa ń wà. Bí o bá kan kòtò róbótó kan lábẹ́ tìmùtìmù, sípíkà ti rí ibi jókòó nìyẹn. Bí kò bá sí kòtò, tí o sì fi tipátipá há a síbẹ̀, kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, etí á máa ta ọ́ bí ẹni pé tíṣà ń fà á. Ọ̀pọ̀ àṣíborí tí àwọn ọlọ́kadà ń dé, ike lásán ni, wọ́n kàn lẹ aṣọ mọ́ inú rẹ̀. Ẹ ẹ̀ rántí January 2009, nígbà tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin àṣíborí, tí àwọn kan ń dé igbá àti ìkòkò láti fi tan ọlọ́pàá? Àwọn àṣíborí mìíràn wà tí mo ń rí lónìí, igbá yẹn sàn jù wọ́n lọ.

DísípáàṣìYábàá

Ẹ ṣeun, bàbá. Mo ti ki ìka bọ̀ ọ́ báyìí. Kò sí kòtò kankan. Kódà, fóòmù rẹ̀ ń rẹ̀ dànù bí ìyẹ̀fun, ọwọ́ mi funfun.

Ẹnjiníà Dúgbẹ̀

Iṣẹ́ títún fóònù ṣe ni mò ń jẹ, wọ́n sì máa ń gbé àwọn ẹ̀rọ yìí wá sí ìsọ̀ mi dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ díẹ̀.

Intercom tó ń fi Bluetooth bára wọn sọ̀rọ̀ dà bí ọmọ ilé-ìwé tó ń di aṣọ ara wọn mú láti sọdá títì. Ẹni àkọ́kọ́ di ẹnì kejì mú, ẹnì kejì di ẹnì kẹta. Bí ẹni àárín bá jáwọ́, bóyá bátìrì rẹ̀ kú tàbí ó dúró ra àgbàdo, ẹni ẹ̀yìn ti sọnù nìyẹn. Èyí tí wọ́n ń pè ní mesh, bí àwọn ìyá ọjà ló rí. Gbogbo ìsọ̀ ló lè pe ara wọn. Bí ìyá elélùbọ́ bá lọ jẹun, ọ̀rọ̀ á gba ọ̀dọ̀ ìyá aláta kọjá, yóò sì dé ibi tó ń lọ. Cardo tó wá láti Ísírẹ́lì àti Sena ti Kòríà ló gbajúmọ̀ jù nídìí mesh. Cardo gba ènìyàn 15 nínú àwùjọ kan, Sena gba 24. Àmọ́ owó wọn! Èyí tó ga nínú wọn, tí wọ́n bá fi kọsítọ́ọ̀mù kún un, ẹ lè fi ra máṣíìnì tòkunbọ̀.

Ènìyàn mẹ́ta ni yín. Ẹ ò nílò mesh. Àwọn ti Ṣáínà bíi EJEAS, Freedconn tàbí LEXIN á ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé ẹ rèé, ju orúkọ ilé iṣẹ́ lọ: irú kan náà ni kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rà. Mesh Cardo kò gbọ́ èdè mesh Sena. Àwọn tó ń lo Bluetooth náà, bí ilé iṣẹ́ bá yàtọ̀, ọ̀nà ẹ̀bùrú ni wọ́n máa ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀: ẹ̀rọ rẹ á ka ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ rẹ sí fóònù. Ó máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ipò fóònù ló gbà yẹn. Nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú, ẹ lè rí i pé bí ọ̀rẹ́ rẹ ti wọlé, fóònù rẹ tòótọ́ ti bọ́ síta. Oníbàárà á máa pè, ìwọ á máa gbọ́ bí ọ̀rẹ́ rẹ ṣe ń súfèé.

Gùn_ún_jẹ́jẹ́

Ẹnjiníà, mítà ẹgbẹ̀rún kan tí wọ́n ń kọ sára páálí ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi kan ra ọ̀kan, kí ẹnì kejì rẹ̀ tó yà sí kọ́nà lọ́nà Ìdànrè, ohùn ti lọ.

Ẹnjiníà Dúgbẹ̀

Inú pápá gbalasa ni wọ́n ti wọn mítà yẹn, níbi tí kò sí igi, tí kò sí òkè, tí ẹni méjì dojú kọra wọn. Ìgbì 2.4 GHz ni gbogbo wọn ń lò, bíi Wi-Fi ilé yín. Òkè ń dí i, ògiri ń dí i, ara ènìyàn pàápàá ń dí i torí omi ló pọ̀ jù nínú wa. Àwọn mìíràn tún ń ṣe àròpọ̀: wọ́n á kó gbogbo ọ̀nà láàárín ẹni mẹ́fà tó tò lé ara wọn pọ̀, wọ́n á wá kọ ọ́ gàdàgbà bíi pé ti ẹni méjì ni. Ìdánwò mi kò le: bí mo bá ń rí ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ mi, ó yẹ kí n gbọ́ ọ. Bí n kò bá rí i mọ́, n kì í retí ohùn rẹ̀.

Àǹtí Peckham

Ẹ kú ìjókòó o. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, máṣíìnì 125 ni mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́, iṣẹ́ náà sì ni yíyẹ etí àwọn ènìyàn wò nílé ìwòsàn. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, kò sì sí ẹni tó tíì dárúkọ ohun tó ń ba etí jẹ́.

Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ ni. Láti nǹkan bíi kìlómítà 60 láàárín wákàtí kan lọ, ariwo afẹ́fẹ́ lára àṣíborí ti bo ti ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá fi máa sáré tó 100, ohun tó ń wọ etí yín lè tó dẹ̀síbẹ̀lì 100 (dẹ̀síbẹ̀lì la fi ń wọn ariwo) nínú àṣíborí tó bo gbogbo ojú pàápàá. NIOSH, àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní wákàtí 8 ni etí lè fara da dẹ̀síbẹ̀lì 85. Bí dẹ̀síbẹ̀lì mẹ́ta bá ti gun un, àkókò yẹn á pín sí méjì: 88, wákàtí 4, 91, wákàtí 2. Ẹ máa kà á lọ. Bí ẹ bá fi dé 100, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Láti Èkó dé Ìbàdàn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 127. Ẹ wá ṣírò rẹ̀.

Ẹni tó bá wá gbé sípíkà lé e, tó sì tún ń yí ohùn sókè kí ó lè borí afẹ́fẹ́, ó ń da epo sínú iná. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa kì í mọ̀ ọ́n lójijì. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé "àwọn ọmọdé òní kì í la ẹnu sọ̀rọ̀". Kì í ṣe ẹnu ọmọ.

Ẹ ra fóòmù kékeré tí wọ́n ń ki bọ etí, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ń lò. Owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Bí a ṣe ń fi sí i ló ṣe kókó: ẹ fi ìka lọ́ ọ títí á fi tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Ẹ gba ẹ̀yìn orí na ọwọ́ kejì, kí ẹ fi fa etí sókè àti sẹ́yìn kí ihò rẹ̀ lè tò gbọọrọ. Ẹ wá ti fóòmù náà wọ inú ihò, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú ààyá 30 títí á fi wú kún inú rẹ̀. Bí ẹ bá wo dígí tí ẹ sì rí i tó yọ orí síta bí olú, kò tíì wọlé.

Gùn_ún_jẹ́jẹ́

Àǹtí, ẹ má bínú o. Ẹ ní ká fi fóòmù dí etí, ká tún wá ra sípíkà. Ta ló máa wá gbọ́ sípíkà náà? Èyí dà bí ká dijú ká tún wá máa wá awò.

Àǹtí Peckham

Hahaha. Gbogbo ènìyàn ló ń bi mí.

Ronú nípa ìgbà tí oòrùn bá mú ganrín-ganrín. Láìsí awò dúdú, o ò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára pátákó tó wà níwájú rẹ. Tí o bá wọ awò dúdú, ìmọ́lẹ̀ pátákó náà dín kù, ti oòrùn náà dín kù, ojú rẹ wá rí àyè ṣiṣẹ́, o sì kà á. Etí náà nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó ń hó wò-ó-ò ti kún un, kò lè ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ mọ́. Fóòmù ń rẹ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lápapọ̀, sípíkà tó wà létí gbáko á sì borí ohun tó kù. Fèrè dánfó ṣì máa dé ọ̀dọ̀ rẹ. Gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí o tó bá mi jà.

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, tí kò sí eré kankan, n kò ní kí ẹ fi sí i. Ojú ọ̀nà jíjìn ni mò ń sọ.

Bàbá Àdùkẹ́

Àǹtí Peckham sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo fóòmù yẹn ni mo tó mọ̀ pé ìyàwó mi máa ń kọrin lẹ́yìn mi.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí pa yín lẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a kọ́kọ́ ra intercom, olówó pọ́ọ́kú ni, n kò ní dárúkọ rẹ̀. A ń bọ̀ láti Ifẹ̀, ìyàwó mi wà lẹ́yìn. Tírélà kan ń yọ bọ̀ lápá ọ̀tún, èmi kò rí i. Ó pariwo sínú máìkì: "Ọkọ̀! Ọkọ̀!" Ohun tí mo gbọ́ ni "Ọkọ! Ọkọ!" Mo dá a lóhùn tìfẹ́tìfẹ́ pé, "Olólùfẹ́ mi." Ẹ̀ṣẹ́ tó bà mí ní gbàǹgbà ẹ̀yìn ló jẹ́ kí n yà.

Nígbà tí a délé, mo gbé e fún ẹni tó mọ̀ nípa ohùn. Ó ní àwọn ẹ̀rọ yẹn máa ń gbìyànjú láti gé ariwo afẹ́fẹ́ dànù, ìsàlẹ̀ sì ni ariwo afẹ́fẹ́ wà, bí ìyá ìlù. Ohùn ìsàlẹ̀ tiwa náà lè bá a lọ. Àfi bí ẹni pé ó gé *dò*, ó ṣẹ́ku *re*. Gẹ̀ẹ́sì lè fara dà á. Yorùbá tí wọ́n gé dò kúrò lára rẹ̀, kí ló kù?

Láti ọjọ́ náà, èmi àti ìyá Àdùkẹ́ kì í sọ "ọkọ̀" mọ́. Orúkọ rẹ̀ la ń pè: tírélà, dánfó, màlúù. Kòtò ní ti ẹ̀, "kòtò ọ̀tún" tàbí "kòtò òsì", ó parí. Ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ máa gùn lọ sí Abẹ́òkúta, ẹ jókòó kí ẹ ti fi ọ̀rọ̀ yín ṣàdéhùn kí ẹ tó gbéra.

Ẹnjiníà Dúgbẹ̀

Bàbá, mo rẹ́rìn-ín títí oníbàárà mi fi bi mí pé kí ló dé!

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbèjà ẹ̀rọ náà díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí wọ́n gbé máìkì sí ló fà á. Fìlà fóòmù kékeré tó wà lórí máìkì, àwọn ènìyàn máa ń sọ ọ́ nù. Ẹ má sọ ọ́ nù, òun ló ń fọ́ afẹ́fẹ́. Bí àmì ọfà tàbí tótótó funfun bá wà lára máìkì, ètè ni kó kọjú sí. Kó súnmọ́ ètè tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá sú ẹnu jáde bí ẹni fẹ́ fẹnu konu, ó máa kan yín. Bí àṣíborí yín bá bo àgbọ̀n, èyí tó ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ inú àgbọ̀n rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, èyí tó ní ọ̀pá ni.

Sípíkà ńkọ́? Ibẹ̀ ni mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tí wọ́n ń gbé wá fún mi pé "kò ké sókè" ti ń ṣàṣìṣe. Ẹ dé àṣíborí, ẹ fi orin sí i, kí ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ẹ̀gbẹ́ àṣíborí sínú. Bí orin bá ròkè bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́, sípíkà jìnnà sí etí. Ẹ gé tìmùtìmù pẹlẹbẹ sẹ́yìn rẹ̀ kí ó lè tì í wá síwájú. Ẹ wá tún tì í síwá, tì í sẹ́yìn, títí á fi kọjú sí ihò etí gan-an. Ìwọ̀n ìka kan péré lè sọ ẹ̀rọ gidi di yẹpẹrẹ. Ẹnì kan ti tìtorí èyí tà ẹ̀rọ rẹ̀ fún mi ní ìdajì owó. Mo sún sípíkà sókè díẹ̀, mo sì ń lò ó títí dòní.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Mo kí gbogbo ilé o. Àjàṣẹ́ ni mo wà, ní Bẹ̀nẹ̀, zémidjan, ọ̀kadà tiwa níbí, ni iṣẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò sí ẹni tó fẹ́ sọ: n kì í lo ohunkóhun létí. Èrò wà lẹ́yìn mi, ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Bí fóònù bá dún, mo máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo máa ń dúró, mo máa ń dá a lóhùn. Ìṣẹ́jú kan ni. Bọ̀dá Dísípáàṣì, ìpè mélòó lo ń gbà lóòjọ́ tí kò lè dúró de ìṣẹ́jú kan?

DísípáàṣìYábàá

Ọmọ Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára. Ọgbọ̀n sí ogójì ìpè ni, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá dúró fún gbogbo wọn, ilẹ̀ á ṣú. Ìdajì nínú wọn kò ju "o ti dé ibo" lọ.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Èyí tó jẹ́ "o ti dé ibo" gan-an ni kò yẹ kó o dáhùn.

Tòkunbọ̀_Tẹ́sásì

Àwọn èrò, Houston rèé. Ohun mẹ́ta, kíákíá, mo wà níbi iṣẹ́.

Òfin yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní Kalifóníà, wọn kò gbà kí ènìyàn fi ìyàpíìsì sí etí méjèèjì bó bá ń wakọ̀ tàbí tó ń gun máṣíìnì. Ilẹ̀ Faransé ti fòfin de ìyàpíìsì pátápátá fún awakọ̀ àti ọlọ́kadà láti July 2015, àmọ́ sípíkà tó wà nínú àṣíborí kò sí lára rẹ̀. Ìdí mìíràn nìyẹn tí intercom fi sàn.

Ẹ má fi fóònù tó dáa há ọwọ́ máṣíìnì láìsí ohun tó ń gba ìgbọ̀nrìrì. Ní September 2021, Apple fúnra wọn kọ ọ́ pé ìgbọ̀nrìrì máṣíìnì alágbára lè ba kámẹ́rà iPhone jẹ́. Bí ohùn Maps bá ti ń wọ etí yín, ẹ fi fóònù sápò. Kí lẹ tún ń wò?

Ẹ̀kẹta, orin. Èmi máa ń gbọ́ ọ, ẹ máa bínú.

Àǹtí Peckham

Ní ti òfin, níbí, ẹni tó bá di fóònù mú lọ́wọ́ lórí máṣíìnì, ìbáà jẹ́ pé iná pupa ló dá a dúró, yóò san £200, wọ́n á sì kọ àmì ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́fà sórí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀. Láti 25 March 2022 ni wọ́n ti tún un ṣe tí kò fi fi bẹ́ẹ̀ sí ibi tí ènìyàn lè sá sí mọ́. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tó gba ìwé àṣẹ, àmì mẹ́fà yẹn ti gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ ọmọ ilé wa kan tó ń gbé oúnjẹ káàkiri tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ báyẹn. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ wo ibi tí yóò yà sí. Ẹ̀rọ olówó kékeré létí rẹ̀ ì bá ti gbà á.

Gùn_ún_jẹ́jẹ́

Ó dáa, mo ti gbọ́. Ẹ sọ fún mi ṣá: àwọn ọmọ ìta tó ń já fóònù gbà ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ṣé wọn ò ní já ẹ̀rọ yìí kúrò lára àṣíborí?

Ẹnjiníà Dúgbẹ̀

Wọ́n lè já a. Nítorí náà, èyí tó ń yọ ni kó rà. Ìdè rẹ̀ á wà lára àṣíborí, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á wọ àpò nígbà tó bá sọ̀kalẹ̀. Èmi fi téèpù dúdú bo àmì iná aláwọ̀ búlúù tó ń ṣẹ́jú lára tèmi, ó ń pe olè.

Bí o bá dé Computer Village, má jẹ́ kí wọ́n fi páálí tàn ẹ́. Ní kí ẹni tó ń tà á yọ ọ́ síta. So ó mọ́ fóònù rẹ níbẹ̀, pe ẹnì kan, bọ́ sí ojú títì kí o bá a sọ̀rọ̀ láàárín ariwo. Wo ibi tí wọ́n ń ki ṣáájì bọ̀: rọ́bà tó bò ó gbọ́dọ̀ dé pinpin. IP67 tí wọ́n ń kọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé eruku kò lè wọ̀ ọ́, ó sì lè wà nínú omi tó jìn tó mítà kan fún ìṣẹ́jú 30. Bí rọ́bà yẹn bá ṣí sílẹ̀, òjò ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Mélòó ni mo ti tú tí omi June dà jáde nínú rẹ̀!

Má ṣe lu ihò sára àṣíborí. Má fi gọ́ọ̀mù olóòórùn líle tàbí tínà kàn án, wọ́n ń jẹ fóòmù inú tó ń gba orí là. Má sì gbé e sínú oòrùn máa ṣáájì. Bátìrì tó bá gbóná kò fẹ́ iná. Mo ní ọ̀kan níbí tó wú bí búrẹ́dì Àgége.

DísípáàṣìYábàá

Mo padà dé, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní kí n jábọ̀.

Àṣíborí ni mo kọ́kọ́ rà, bí Bàbá Àdùkẹ́ ṣe wí. Ó ní kòtò etí, ó bo àgbọ̀n. Ó jẹ ju ìdajì owó lọ, inú mi kò dùn lọ́jọ́ náà. Ìyókù kò tó ra intercom tuntun, mo bá lọ bá oníṣòwò kan, mo ra èyí tí wọ́n ti lò rí, olówó pọ́ọ́kú ti Ṣáínà. Mo dán an wò lójú títì kó tó di pé mo sanwó. Ọ̀rẹ́ mi kan ra irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹnì kẹta wa ní òun ò rà, òun á máa wo iná ẹ̀yìn wa.

Lọ́jọ́ kìíní kò ké sókè rárá. Mo ti fẹ́ máa bú ẹni tó tà á fún mi. Mo wá rántí ọ̀rọ̀ Ẹnjiníà, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àṣíborí, orin ròkè lóòótọ́. Mo gé kànrìnkàn ìfọwọ́ ìyàwó mi, ìlà kan péré, mo fi sẹ́yìn sípíkà. (Ó ti rí i. A ti parí ìjà.) Ó yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru. Fóòmù etí náà, Àǹtí, mo kọ́kọ́ kì í bọ̀ láìdáa, ó yọ orí bí olú bí ẹ ṣe wí. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó wọlé. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta, híìì tó máa ń dún létí mi lẹ́yìn ìrìn-àjò kò dún.

Ọmọ Àjàṣẹ́, mo gba tìrẹ náà láàbọ̀. Ẹ̀rọ ń dáhùn fúnra rẹ̀, àmọ́ bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì, mo máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. N kì í lè ronú ibi tí mò ń lọ kí n tún máa yẹ kòtò.

Ọ̀rọ̀ àdéhùn wa jẹ́ mẹ́fà: kòtò ọ̀tún, kòtò òsì, tírélà, màlúù, ọlọ́pàá, ó tó. "Ó tó" túmọ̀ sí pé ká dúró jẹun. Ọ̀rẹ́ mi lò ó nígbà mẹ́rin kí a tó dé Ìtòrí.

A ti ń sún mọ́ Abẹ́òkúta, Òkúta Olúmọ ti ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ni etí mi dún gbìì. Ohùn obìnrin kan wọlé, ó mọ́ bí ẹni pé ó jókòó lẹ́yìn mi: "Hẹ́lóò? O ti dé ibo?"

Mo ní, "Mà, òní Àìkú ni."

Ó ní, "Mo mọ̀. O ti dé ibo?"